Ibojì Tí Mo Yá Ìyàwó Clovis

Clovis Encalade ni ọkùnrin tó ń ta ọsàn níwájú géètì bárékè àwọn oníbàálù. Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà wa kọjá rí, láti New Orleans lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ẹ ti rí i, àfi tí ẹ bá ń sùn nínú mọ́tò. Ó máa ń jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, lábẹ́ agboòrùn tí àwọn ọlọ́tí kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í pe oníbàárà, kì í pariwo ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á rà. Ẹni tí kò bá fẹ́, Clovis á juwọ́ sóun náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún un pé kó tún ẹsẹ̀ àga yẹn ṣe. Ó ní òun ti mọ bí òun ṣe ń jókòó lé e.

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Eulalie ìyàwó ẹ̀ ló máa ń bá a bínú. Bí ẹnì kan bá rẹ́ Clovis jẹ, Eulalie ló máa wọ bàtà lọ bá onítọ̀hún. Èmi àti Eulalie jọ dàgbà ni. Ọjọ́ kan náà la jọ kọ́kọ́ gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun tí wọ́n rán fún àwa méjèèjì, kọ́tìnnì ìyá mi ni wọ́n gé rán an. Nígbà tó kú, inú ibojì tèmi la tẹ́ ẹ sí. Mo yá a ni. Bó ṣe kúrò níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ kiri bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ní Clovis bá ìjọba jà. Clovis kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé ẹ̀. Àga ẹ̀ gan-an, kò bá a jà.

Kí bárékè tó dé, ọgbà ọsàn ni gbogbo ibi tí bàálù ń sá lé lónìí. Bàbá bàbá Clovis ló ni ín, láti ẹ̀bá títì títí dé ibi kòtò ńlá tó ń gbé omi lọ. Ọmọdé ni wá nígbà tí ìjọba dé, tí wọ́n ní àwọn ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹni tó fẹ́ tà, wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ tà, wọ́n rà á lọ́wọ́ òun náà. Katakata wọlé, wọ́n hú àwọn igi yẹn tòdòdó-tòdòdó. Ọjọ́ tí wọ́n hú wọn, gbogbo ìlú ń ta sánsán bíi ilé ìyàwó, àwọn ìyá wa sì ń sunkún.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò hú ni ibojì ẹbí Encalade. Mẹ́ta ni, wọ́n fi bíríkì mọ wọ́n sórí ilẹ̀ bí ilé kékeré. Ilẹ̀ tiwa, tó o bá gbẹ́ ẹ dé orúnkún, omi ti dé. A kì í gbé òkú sínú omi, ilé la máa ń kọ́ fún un. Ọ̀gá sọ́jà ìgbà yẹn bọ bàbá àgbà lọ́wọ́, ó ní òkú yín, tiyín ni, ìgbà tó bá wù yín kẹ́ ẹ wọlé wá tọ́jú wọn. Ẹnu lásán ni, kò sí bébà. Bàbá sì gbà, nítorí ẹni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wojú ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, tó jẹ́ ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ẹbí Encalade á gba géètì wọlé pẹ̀lú garawa ẹfun, búrọ́ọ̀ṣì àti òdòdó, wọ́n á kun ibojì ní funfun. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ibojì ìyá ẹ bá dúdú lọ́jọ́ yẹn, ìwọ lojú máa tì. Ìyá ẹ kò sí láyé mọ́ tójú á fi tì í.

Àwọn sọ́jà orí omi ló kọ́kọ́ ni bárékè. Lẹ́yìn náà làwọn sọ́jà òfurufú ti ìpínlẹ̀ wa kó wọlé, wọ́n ní fúngbà díẹ̀ ni. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Àwọn Màríìnì, sọ́jà tó ń jà lómi tó ń jà nílẹ̀, tẹ̀ lé wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun náà gbé hẹlikópítà wọn dé, èyí tó pọ́n bí ọsàn. Títì bàálù kan ni gbogbo wọn ń lò, géètì kan, ilé oúnjẹ kan. Tó bá ti kúrò níbi ìyẹn, kálukú ló ní igun tiẹ̀, kálukú ló sì gbà pé àwọn tó kù ò mọ nǹkan kan.

Ohun tí àlejò kì í mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe sọ́jà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Sọ́jà wíkẹ́ńdì ni wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń wọ aṣọ, Sátidé àti Sọ́ńdè, kí ọwọ́ wọn má bàa tutù, kí wọ́n lè wà ní sẹpẹ́ de ọjọ́ tí wọ́n bá pè wọ́n sógun. Ìyókù oṣù, ẹnì kan ń kọ́ ọmọ ní síkúùlù, ẹnì kan ń tún páìpù ṣe. Dókítà eyín mi ń wa bàálù ogun. Bó ṣe ń wa bàálù ni mi ò mọ̀, àmọ́ bó ṣe ń yọ eyín, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rógun. Rodney, ọmọ àbúrò mi obìnrin, fíríìjì ló ń tún ṣe. Tó bá ti wọ aṣọ sọ́jà òfurufú tán lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ kí n máa pe òun ní sájẹ́ńtì. Èmi tí mo fọ ìdí fún un.

Kí ilé oúnjẹ àti títì bàálù má bàa dí, wọ́n pín wíkẹ́ńdì láàárín ara wọn. Ìkíní oṣù, ti sọ́jà orí omi. Ìkejì, ti sọ́jà òfurufú. Ìkẹta, ti Màríìnì. Ìkẹrin, ti ẹ̀ṣọ́ etí òkun. Wọ́n wá ń jọ gbé ilé kan láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rójú ara wọn. Bí ti àkọ́kọ́ bá da omi sílẹ̀, ti ìkejì ló máa yọ̀ ṣubú, á sì bú ti ìkẹta.

Ẹ má rò pé eré ni wọ́n ń ṣe o. Ogun ti pè wọ́n, wọ́n sì ti lọ. Rodney lọ sí aginjù, ìgbà tó dé, egungun àti eyín ló kù. Nígbà tí ìjì ńlá sì dé, tí odò gun orí òkìtì tí wọ́n fi dí i wọ inú ilé, orí òrùlé ni Clovis àti Eulalie wà pẹ̀lú àkùkọ kan. Hẹlikópítà olómi ọsàn yẹn ló wá gbé wọn. Ọmọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn di Eulalie mú lójú òfurufú, Eulalie bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Títì bàálù bárékè ni wọ́n sọ gbogbo wa kalẹ̀ sí, ilé oúnjẹ wọn la ti jẹun títí omi fi fà. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bárékè láìdáa nílùú wa àfi èmi, èmi náà sì ń fi ẹ̀rín sí i.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, nínú oṣù kẹsàn-án, Eulalie kú. Ó ń ṣa ẹ̀wà pupa tí a máa ń jẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní Clovis, bá mi gbé ìkòkò yẹn. Kí Clovis tó rí ìkòkò, ó ti lọ. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Clovis fẹ́ kí wọ́n gbé e sínú ibojì àárín, níbi tí ìyá ẹ̀ wà. Àyè ẹni méjì ló kù níbẹ̀, ti Eulalie àti ti Clovis. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn fẹ́ láyé nìyẹn, kí Eulalie máa dúró de òun níbẹ̀, kí òun wá bá a nígbà tó bá yá. Ó lọ bá wọn ní géètì. Ẹni tó wà ní géètì ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ibojì, ó ní kó lọ bá àwọn sọ́jà orí omi, àwọn ló nilẹ̀. Àwọn sọ́jà orí omi ní òótọ́ ni, àmọ́ igun yẹn, àwọn ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún sọ́jà òfurufú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn sọ́jà òfurufú ní àwọn ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún Màríìnì kí wọ́n máa pàgọ́ síbẹ̀. Màríìnì ní ẹ̀yìn ibi tí hẹlikópítà ń balẹ̀ sí ni, kó lọ bá ẹ̀ṣọ́ etí òkun. Ẹ̀ṣọ́ etí òkun ní ayálégbé lásán làwọn, kó padà lọ bá àwọn sọ́jà orí omi. Oòrùn oṣù kẹsàn-án ń mú, àwọn tó ń sìnkú sì ń wo aago.

Ni mo bá ní kí wọ́n gbé e wá sínú tèmi, ní ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì.

Clovis wò mí. Ó ní, "Àǹtí Zénobie, ibi tẹ́ ẹ máa sùn lẹ fẹ́ fún wa yẹn."

Mo ní, "Ṣé ìwọ rí mi níbi tí mo ti ń sùn ni? Lọ gbé e wá."

Ní ìlú wa, ẹbí lè yá ẹbí ní ibojì. Àmọ́ ẹni tó bá ti wọlé, wọ́n á fi bíríkì dí i, ọdún kan àti ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè gbé òkú ẹ lọ sílé ara ẹ. Tó ò bá gbé e, tí ẹlòmíì nínú ẹbí tó ni ibojì bá kú, wọ́n á kó egungun ẹni àkọ́kọ́ tì sẹ́yìn, sínú kòtò ìsàlẹ̀, kí tuntun lè wọlé. Ní ìsàlẹ̀ ibojì tèmi, ọkọ mi wà níbẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́. Àmọ́ ìyá ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Obìnrin yẹn, nígbà tó wà láyé, ajá kò lè bá a gbé. Tí mo bá wá kú kí Clovis tó rí ibi gbé Eulalie lọ, ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ mi ni wọ́n máa tì í sí títí ayé, Clovis á sì dá wà nínú bárékè tàbí kó má tiẹ̀ ríbẹ̀ wọ̀. Dókítà sì ti ń gbọ́ nǹkan láyà mi nígbà yẹn. Ó ń gbọ́ ọ, kì í sọ ohun tó ń gbọ́.

Gbogbo ọdún yẹn, Clovis kò jà. Bí ọsàn ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ ṣe ń pọ́n, á di í sínú àpò, á gbé e fún àwọn tó bá wà nínú bárékè ní wíkẹ́ńdì yẹn, á sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ẹnì kan ti gbọ́ nǹkan nípa ọ̀rọ̀ òun. Wọ́n á ní rárá, bàbá, ọsàn yìí mà dùn. Mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ Eulalie ni, á ti fi àpò ọsàn yẹn gbá ẹnì kan lórí.

Ó ní, "Wọ́n á ṣe é, Àǹtí."

"Ìgbà wo? Kí n lè mọ bí mo ṣe máa mí."

Ó ní kí n máa mí bí mo ṣe ń mí.

Oṣù kẹwàá ọdún kejì dé. Ọdún kan àti ọjọ́ kan ti kọjá, Eulalie ṣì wà nínú tèmi. Rodney wá sọ fún wa pé koríko ti bo ibojì àwọn Encalade dé èjìká, pé bíríkì ti dúdú, kò sẹ́ni tó gé e nítorí kálukú rò pé àwọn tó kù ló yẹ kó gé e. Ìyẹn dun Clovis ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Wíkẹ́ńdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oṣù yẹn, ó gbé ọsàn lọ, kò béèrè nǹkan kan. Ohun tó kàn ń sọ fún wọn ni pé, "Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ń bọ̀. Ibojì ìyá mi ti dúdú." Á sì lọ sílé.

Ẹ má gbàgbé pé ọmọ àwa ara ìsàlẹ̀ odò ni ọ̀pọ̀ àwọn sọ́jà wíkẹ́ńdì yìí. Kò sí èyí tí ìyá àgbà ẹ̀ kò fi etí fà dé ìtẹ́ òkú rí pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún Clovis, wọn ò sì sọ fún ara wọn. Báwo ni wọ́n ṣe máa sọ fún ara wọn, nígbà tí wọn kì í ríra?

Wíkẹ́ńdì kìíní, àwọn sọ́jà orí omi gé koríko, wọ́n ní àwọn máa kun ibojì. Ọ̀dà tí wọ́n ní kò ju ọ̀dà eérú tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ogun lọ. Wọ́n kun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọ̀ eérú.

Wíkẹ́ńdì kejì, Rodney àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n ní ta ló kun àwọn bàbá àgbà bí ọkọ̀ ojú omi? Wọ́n lọ gbé ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń sàmì sójú títì bàálù. Rodney ní ọ̀dà tó bá lè fara da táyà bàálù á lè fara da òjò. Ọ̀dà funfun kò tó, wọ́n bá fi yẹ́lò fa ìlà sí etí ẹ̀ kó lè dùn wò. Bí ọwọ́ wọn ṣe ti mọ́ ọn, wọ́n tún kọ nọ́ńbà sórí wọn gàdàgbà, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

Wíkẹ́ńdì kẹta, Màríìnì kò fọwọ́ kan ọ̀dà. Wọ́n hú gbogbo koríko ibẹ̀ títí kan gbòǹgbò, wọ́n fi ráàkì fa ilẹ̀ láìní ìlà tó wọ́, wọ́n to òkúta funfun yí i ká bí ìgbà tí sọ́jà bá tò. Wọ́n ri pákó pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀dà wúrà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Bóyá wọ́n rò pé àwọn òkú náà máa ń jáde.

Wíkẹ́ńdì kẹrin, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun rí nọ́ńbà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nìyí, ṣé èèyàn ń fi nọ́ńbà sórí òkú ni. Wọ́n fi funfun pa á rẹ́, àmọ́ méjì tó wà lórí ibojì àárín ṣì ń yọ lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n wá fa ìlà olómi ọsàn gbọọrọ kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sí ibojì àárín, bó ṣe wà lára gbogbo ọkọ̀ àti hẹlikópítà wọn. Wọ́n ní láìsí i, kò ní pé.

Sátidé ni ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ bọ́ sí lọ́dún yẹn. Èmi àti Clovis dé géètì láàárọ̀ pẹ̀lú garawa ẹfun wa, òun wọ kóòtù ìgbéyàwó ẹ̀, èmi gbé òdòdó. Rodney ló wá pàdé wa, kò wọ aṣọ sọ́jà, ojú ẹ̀ sì rí bí ojú ọmọ tó fọ́ àwo. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ rọra máa bọ̀. Àwọn ọ̀gá wà níbẹ̀."

Mo ní, "Níbo?"

Ó ní níbi ibojì. Ó ní hẹlikópítà kan ń bọ̀ wá balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹni tó ń wà á rí ìlà yẹ́lò àti nọ́ńbà méjì nísàlẹ̀, ó bá béèrè lórí rédíò pé ṣé ibi ìbalẹ̀ tuntun nìyẹn. Díẹ̀ ló kù kó balẹ̀ sórí ìyá Clovis. Ọ̀gá àgbà bárékè gbọ́, ó sì ti ránṣẹ́ pe olórí ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀gá àgbà náà, obìnrin ni, Krohn lorúkọ ẹ̀, sọ́jà orí omi, ará òkè níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Kò tíì pẹ́ tó dé. Nígbà tí a débẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ta ló ṣe èyí. Gbogbo wọn ń wo bàtà. Ẹni ti orí omi wo ẹni ti òfurufú, ẹni ti òfurufú wo pákó pupa, Màríìnì wo ìlà olómi ọsàn. Kò sẹ́ni tó ṣe é.

Clovis kò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó dúró síwájú àwọn ibojì yẹn, ó ń wo eérú, ó ń wo yẹ́lò, ó ń wo òkúta tó tò bí sọ́jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí Eulalie ti kú. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi gbára lé ibojì bàbá ẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó lọ ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mi ò mọ èyí tó ṣe é nínú yín, àmọ́ ìyá mi ò rí irú ẹ̀yẹ báyìí rí. Ẹ ṣeun gan-an."

Ẹ wá wò ó o. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àyà sókè. Ẹni ti orí omi ní àwọn làwọn kọ́kọ́ gé koríko, nítorí ilẹ̀ àwọn ni. Ẹni ti òfurufú ní igun àwọn ni, àwọn làwọn kun ún lọ́dà tó nípọn. Màríìnì ní ta ló to òkúta? Ẹ̀ṣọ́ etí òkun ní ẹ̀yìn ibi tí hẹlikópítà àwọn ń balẹ̀ sí ni, àwọn làwọn yẹ kó máa tọ́jú ẹ̀.

Mo jẹ́ kí wọ́n parí. Mo gbé òdòdó kalẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ni ín lónìí. Lọ́dún tó kọjá, tí òkú wà nílẹ̀ nínú oòrùn, kò sí ẹyọ kan nínú yín tó ni ín. Ìyàwó ọkùnrin yìí wà nínú ibojì tèmi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo sì fẹ́ lò ó."

Ọ̀gá Krohn yíjú sí mi. Ó ní, "Màmá, òkú wo?"

Wọn ò tíì sọ fún un. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un láti ìgbà tó ti dé. Mo fẹ́ sọ ọ́, Clovis fọwọ́ kàn mí, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, láti orí ìkòkò ẹ̀wà títí dé ibi tí wọ́n ti ní kó padà lọ bá sọ́jà orí omi. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ojú ọjọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú fún wọn. Olórí Màríìnì yọ fìlà ẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ọ̀gá Krohn bi wọ́n pé, "Gbogbo yín lẹ ní tiyín ni ibí yìí, àbí? Ta ló fẹ́ sọ pé kí wọ́n má gbé ìyàwó bàbá yìí wá sílé nínú yín?"

Kò dúró gbọ́ èsì, ó yíjú sí Clovis.

Ó ní, "Bàbá Encalade, ẹ gbé wọn wá."

Clovis dúpẹ́, àmọ́ kò kúrò lójú kan. Ó ń fọwọ́ yí fìlà. Mo mọ ohun tó kù, mo sì mọ̀ pé ojú á tì í láti béèrè. Mo ti fẹ́ la ẹnu nígbà tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Èmi ńkọ́, ọ̀gá? Nígbà tó bá yá?"

Obìnrin yẹn rìn wá síwájú ẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì wojú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, sà. Ẹ̀gbẹ́ wọn. Àmọ́ ẹ má kánjú."

Mo ní kó tún un sọ sókè kí àwọn olórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gbọ́, kó má baà di pé wọ́n tún ń dárí èèyàn kiri nígbà tí èmi ò bá sí níbẹ̀ mọ́ láti bú wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ sókè.

Ibi tí ìjà ti wá dé ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ẹni ti orí omi ní kó jẹ́ wíkẹ́ńdì àwọn, kí àwọn lè to ọmọ àwọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹni ti òfurufú ní ti àwọn ló sún mọ́ jù. Màríìnì ní àwọn nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé pósí láìmì. Mo ronú pé Eulalie á máa gbádùn ẹ̀ níbi tó wà, ọkùnrin mẹ́rin ń jà lórí ẹ̀ ní ọjọ́ ogbó. Clovis ló tún yanjú ẹ̀. Ó ní oṣù yẹn ní Sátidé márùn-ún, pé ìkarùn-ún kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó ní ká fi sí èyí tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é. Wíkẹ́ńdì yẹn, kò sí sọ́jà wíkẹ́ńdì tí wọ́n pè, kò sì sí èyí tí wọ́n máa sanwó fún. Gbogbo wọn ló wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú kan láti ìgbà ìjì ńlá. Dókítà eyín mi wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo pa ẹnu dé. Màríìnì gbé pósí, kò sì mì lóòótọ́. Fadá gbàdúrà, ó gùn díẹ̀, bàálù kan sì gbà á lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó ń balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ, ìyàwó Rodney se ọbẹ̀ gọ́ńbò alákàṣà. Ó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò, mo jẹ abọ́ méjì.

Ohun tó tún kù ni ọ̀dà. Àwọn sọ́jà ti kun gbogbo ẹ̀ ní funfun padà kí Eulalie tó dé, bó ṣe yẹ kí ibojì rí. Ibojì àárín nìkan ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ Clovis pé ṣé kí àwọn pa ìlà olómi ọsàn yẹn rẹ́. Ó wò ó títí. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé Eulalie mọ àwọ̀ yẹn, òun ló gbé e kúrò lórí òrùlé. Ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń wa hẹlikópítà ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ibi ìbalẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kúrò nínú tèmi, mo yọjú wo inú ẹ̀. Wọ́n ti gbá a, ó mọ́ tónítóní. Rodney bi mí pé ṣé kí àwọn fi bíríkì dí i padà. Mo ní kó fi sílẹ̀ kó gba atẹ́gùn díẹ̀ ná, èmi ò tíì di ẹrù. Dókítà ṣì ń gbọ́ nǹkan yẹn láyà mi. Mo ní kó máa gbọ́ ọ.

Clovis ti padà sídìí ọsàn ẹ̀ níwájú géètì. Sọ́jà kan, a ò mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn, ti tún ẹsẹ̀ àga ẹ̀ ṣe ní wíkẹ́ńdì kan tí Clovis kò sí nítòsí. Àga yẹn wá dúró ṣánṣán báyìí, Clovis kò sì lè jókòó sórí ẹ̀ mọ́. Ó ti fi òkúta kan sábẹ́ ẹsẹ̀ kejì kó lè wọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo wo òkúta yẹn dáadáa. Ọ̀kan nínú ti Màríìnì ni.